Bọ́ọ̀sì tó fo àlàfo ẹsẹ̀ bàtà 50: bí mo ṣe dán an wò

Àbúrò mi obìnrin ló dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. A jọ ń wo Speed, fíìmù ọdún 1994 tí Jan de Bont darí, a wá dé ibi tí bọ́ọ̀sì ti fo àlàfo lórí afárá. Ó yíjú sí mi, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ọkọ̀ ńlá báyìí lè fò lóòótọ́?” Mo ní kò lè fò. Ó ní kí n fi hàn òun. Mo la ẹnu, n kò rí nǹkan gidi kan sọ ju pé “ó ti tóbi jù” lọ. Ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi láti ọjọ́ yẹn. Mo ṣe ìṣirò, mo wo ibẹ̀ léraléra, nígbà tó yá mo gbé pákó àti ọkọ̀ ìṣeré kalẹ̀. Ohun tí mo rí ni mo kọ síbí, àti ibi tí mo ti ṣì í kí n tó rí i.

Fún ẹni tí kò tíì wò ó: ẹnì kan de bọ́ǹbù mọ́ abẹ́ bọ́ọ̀sì èrò ní Los Angeles. Bí bọ́ọ̀sì bá ti sáré dé máìlì 50 ní wákàtí kan, bọ́ǹbù ti jí nìyẹn. Bí eré rẹ̀ bá wá lọ sílẹ̀ ju 50 lọ lẹ́yìn náà, yóò bú. Jack, ọlọ́pàá tí Keanu Reeves ṣe, wà nínú ọkọ̀. Annie, èrò tí Sandra Bullock ṣe, ló di sítíárì mú nígbà tí dírẹ́bà kò lè wà á mọ́. Wọ́n darí ọkọ̀ sí ọ̀nà márosẹ̀ tuntun tí wọn kò tíì ṣí, kí wọ́n lè rí àyè sáré. Ibẹ̀ ni wọ́n ti gbọ́ pé apá kan afárá tó wà níwájú kò tíì sí rárá: ẹsẹ̀ bàtà 50, òfìfo. Wọn kò lè dúró, wọn kò sì lè yà. Annie tẹ tọ́tù mọ́lẹ̀, bọ́ọ̀sì fò, ó balẹ̀ ní òdìkejì, ó sì ń sáré lọ.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú èyí tó rọrùn kúrò lọ́nà. Kò sí àlàfo kankan níbi tí wọ́n ti ya fíìmù náà. Afárá wà lódindi. Ibi tí ọ̀nà 105 àti ọ̀nà 110 ti pàdé ní Los Angeles ni. Ọ̀nà 105 ṣẹ̀ṣẹ̀ ń parí lọ́wọ́ nígbà náà, oṣù kẹwàá ọdún 1993 ni wọ́n ṣí i fún ará ìlú. Kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi pa apá kan afárá rẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n ti yàwòrán tán. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀sì tí a rí lójú sánmà yẹn, bọ́ọ̀sì gidi ni, ó sì fò ní tòótọ́. Gẹ̀rẹ́ kan, ìyẹn ojú ìgòkè kékeré tí ọkọ̀ lè gùn kó tó fò, ni wọ́n kàn sójú ọ̀nà tó gbé e sókè. Ẹni tó mọ iṣẹ́ náà ló wà á, kò sì sí èrò kankan nínú rẹ̀.

Tí ẹ bá tún padà lọ wo ibẹ̀, ẹ má wo àlàfo, imú bọ́ọ̀sì ni kí ẹ máa wò. Bó ṣe ń kúrò létí, imú rẹ̀ ń gbé sókè, ó ń wo ọ̀run. Ọ̀nà tó tẹ́jú kì í gbé imú ọkọ̀ sókè. Gẹ̀rẹ́ tí wọn kò jẹ́ kí a rí ni a rí yẹn.

Nítorí náà, ìbéèrè tó wà níwájú mi kì í ṣe pé ṣé bọ́ọ̀sì lè fò kúrò lórí gẹ̀rẹ́. Ó ti fò, a sì rí i. Ìbéèrè ni pé bọ́ọ̀sì tó wà lórí ọ̀nà bí ìtàn ṣe sọ ọ́, láìsí ẹni tó kan gẹ̀rẹ́ sílẹ̀ dè é, ṣé yóò dé òdìkejì?

Mo fún wọn ní eré tó pọ̀: máìlì 70 ní wákàtí kan. Ìyẹn jẹ́ mítà 31.3 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹsẹ̀ bàtà 50 jẹ́ mítà 15.24. Tí a bá pín in, bọ́ọ̀sì yóò la àlàfo náà kọjá láàárín 0.49 ìṣẹ́jú àáyá, kò tó ìdajì. Ohun tí mo ní láti mọ̀ kò wá ju ẹyọ kan lọ: báwo ni nǹkan ṣe ń já wálẹ̀ tó láàárín ìdajì ìṣẹ́jú àáyá?

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣì í. Àwọn kan á ní bọ́ọ̀sì wúwo, pé ohun tó wúwo ló ń yára já. Rárá o. Ìwọ̀n kò ní nǹkan í ṣe pẹ̀lú rẹ̀. Òkúta kékeré àti bọ́ọ̀sì tí wọ́n jọ kúrò létí afárá kan náà yóò jọ kanlẹ̀ ni. Àwọn mìíràn á ní eré tó ń sá ló gbé e dúró. Ìyẹn náà kò rí bẹ́ẹ̀. Eré tí ọkọ̀ ń sá síwájú kò dí òòfà ilẹ̀ lọ́wọ́ rárá. Àtìgbà tí kò bá ti sí ilẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ mọ́ ló ti ń já, ìbáà máa sáré 70 tàbí kí wọ́n rọra tì í kúrò létí. Gbogbo oore tí eré ṣe fún un ni pé ó dín àkókò tí yóò fi já kù.

Láàárín 0.49 ìṣẹ́jú àáyá, ohunkóhun tó bá ń já yóò wá sílẹ̀ ní nǹkan bíi mítà 1.16. Ẹ fi ìyẹn wé táyà bọ́ọ̀sì ńlá. Tí ẹ bá gbé táyà náà nàró, gíga rẹ̀ tó mítà kan. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé nígbà tí iwájú bọ́ọ̀sì bá dé òdìkejì, orí táyà iwájú gan-an ti lọ sísàlẹ̀ ju ojú ọ̀nà lọ. Táyà kò lè gun ohun tó ga jù ú lọ. Etí kọnkéré ni yóò gba iwájú ọkọ̀, ní tààràtà, níbi tí ẹsẹ̀ ẹni tó ń wà á wà.

Mo rò pé iṣẹ́ ti parí níbẹ̀. Àṣìṣe mi nìyẹn, nítorí mo ti ka bọ́ọ̀sì sí òkúta. Bọ́ọ̀sì kì í kúrò létí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Irú bọ́ọ̀sì tí wọ́n lò, GM New Look, gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 40, ó sì tó mítà 7.2 láti táyà iwájú dé táyà ẹ̀yìn. Ní eré yẹn, táyà iwájú yóò ti wà lófìfo fún nǹkan bíi 0.23 ìṣẹ́jú àáyá kí táyà ẹ̀yìn tó kúrò lórí ọ̀nà. Ní gbogbo àkókò yẹn, ẹ̀yìn ṣì dúró lórí ilẹ̀, iwájú sì ń tẹ̀ sísàlẹ̀. Ọkọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í dorí kodò kó tó fò rárá, ohun tó bá sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í yí lójú òfuurufú yóò máa yí lọ ni títí yóò fi kan nǹkan.

Ẹ̀rù bà mí pé èyí á ba gbogbo ìṣirò mi jẹ́, pé iwájú á já ju bí mo ṣe sọ lọ. Mo tún un ṣe, mo sì ro ti ẹ́ńjìnnì tó wà lẹ́yìn bọ́ọ̀sì náà mọ́ ọn, nítorí pé ó ń fa ìwọ̀n sẹ́yìn. Ìjájá iwájú kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà: nǹkan bíi mítà 1.1. Ẹ̀yìn tí ilẹ̀ ṣì gbé dúró díẹ̀ ló bá a dín in kù. Ohun tó yí padà ni bí ọkọ̀ yóò ṣe dojú kọ etí náà: imú rẹ̀ yóò ti tẹ̀ sísàlẹ̀ tó díígíìrì 6. Kò ní wó lé òdìkejì láti òkè; orí ni yóò fi sọ ọ́, bí ẹran tó ń kàn.

Ẹni tó bá ní kí wọ́n kàn tún sáré sí i, ẹ jẹ́ kí n sọ iye tó máa gbà. Ní máìlì 50, ìyẹn eré tí bọ́ǹbù fi ń ṣọ́ wọn, bọ́ọ̀sì yóò já tó mítà 2.3. Kí ìjájá náà tó dín kù sí sẹ̀ǹtímítà 30, tí táyà fi lè ráyè gbìyànjú láti gun etí, wọ́n ní láti sáré tó máìlì 140 ní wákàtí kan. Kò sí bọ́ọ̀sì èrò kankan nírú rẹ̀ tó ń dé ibẹ̀.

Àbúrò mi kò gbà. Ó ní afárá ń gòkè níbẹ̀, pé òkè ló máa jù ú sókè. Mo fẹ́ràn ìbéèrè yẹn, torí mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó mọ ọkọ̀ dáadáa pẹ̀lú. Ó sì jọ òtítọ́. Ẹ wò ó báyìí: bí ọ̀nà bá ń gòkè kí àlàfo tó dé, tí ó sì ń bá gígòkè náà lọ ní òdìkejì, ìlà kan náà ni ọ̀nà méjèèjì wà. Bọ́ọ̀sì kúrò létí, ó dojú kọ òkè, ó sì ń já kúrò lórí ìlà yẹn gẹ́gẹ́ bó ṣe ń já kúrò lórí ilẹ̀ títẹ́jú. Òdìkejì náà ti ga sí i dè é. Mítà kan àti díẹ̀ yẹn ṣì wà níbẹ̀. Gígòkè nìkan kò ṣe é ní oore kankan.

Ohun tó lè gbà á ni kí ọ̀nà tẹ̀ lójijì: kó gbé etí sókè kí àlàfo tó bẹ̀rẹ̀, kí òdìkejì má sì bá a gbé e sókè. Ìṣirò sọ pé ní máìlì 70, tí etí méjèèjì bá wà ní gíga kan náà, díígíìrì 4.4 péré ti tó. Ó kéré débi pé mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta. Bọ́ọ̀sì kò ní lọ sókè ju sẹ̀ǹtímítà 30 lọ kó tó máa bọ̀. Ẹ tún rántí bí bọ́ọ̀sì inú fíìmù ṣe ga tó lójú sánmà.

Ṣùgbọ́n ta ló ń kọ́ irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀? Díígíìrì 4.4 túmọ̀ sí pé ọ̀nà ń gòkè tó mítà 7.7 nínú mítà 100, bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀nà márosẹ̀ Amẹ́ríkà kì í sábà kọjá mítà 6. Èyí gan-an kọ́ ni ìṣòro tó tóbi jù. Ìṣòro ni pé àwọn tó ń kọ́ ọ̀nà máa ń rọra tẹ orí òkè ni, wọ́n á fà á gùn, kí ẹni tó ń wakọ̀ lè rí iwájú, kí táyà má sì fi ilẹ̀ sílẹ̀. Láàárín mítà 15, ìtẹ̀sí bẹ́ẹ̀ kò tó nǹkan tí ojú lè rí. Bí orí afárá náà bá tẹ̀ lójijì débi pé ó lè ju bọ́ọ̀sì sókè ní máìlì 70, ojoojúmọ́ ni ọkọ̀ tó ń sáré á máa fò níbẹ̀ láìsí àlàfo kankan.

Mo wá fẹ́ fi ojú mi rí i. Ọkọ̀ ìṣeré kan wà nílé, bọ́ọ̀sì onírin tí gígùn rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 24, ìyẹn ìdá kan nínú 50 bọ́ọ̀sì gidi. Àlàfo di sẹ̀ǹtímítà 30 àti ààbọ̀. A kò kàn lè pín eré sí 50 bẹ́ẹ̀ o, ibí yìí ni àwọn tó ń fi ohun kékeré dán ohun ńlá wò ti máa ń kọsẹ̀. Òòfà ilẹ̀ kò kéré nítorí pé ọkọ̀ kéré. Kí ìfò kékeré tó lè jọ ti ńlá, nọ́ńbà tó jẹ́ pé tí a bá fi í sọ ara rẹ̀ di púpọ̀ yóò di 50 ni a ó fi pín eré, ìyẹn 7 àti díẹ̀. Mítà 31.3 di mítà 4.4 ní ìṣẹ́jú àáyá. Láti rí eré yẹn, mo ní láti tú ọkọ̀ sílẹ̀ láti orí pákó tó ga ju mítà kan lọ, tó ń rọra tẹ́jú bó ṣe ń súnmọ́ etí tábìlì. Mo fi ìṣó kéékèèké sí ẹ̀yìn inú rẹ̀, mo lẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀, kí ìwọ̀n lè wà níbi tí ẹ́ńjìnnì wà. Àbúrò mi di fóònù mú, ó ń ya á ní àwòrán 240 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Tí ọkọ̀ bá fi àwòrán 13 la gígùn ara rẹ̀ kọjá, eré rẹ̀ ti pé. Tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, a ò ka ìgbà náà.

A kọ́kọ́ dán tábìlì méjì tó dọ́gba wò, ẹ̀ẹ̀mẹwàá. Kò dé òdìkejì dáadáa lẹ́ẹ̀kan. Lójú lásán, gbà! ni a ń gbọ́, ọkọ̀ á sì ti ṣubú. Nínú fóònù ni gbogbo rẹ̀ ti hàn. Táyà iwájú kúrò létí. Fún àwòrán mélòó kan, kò dà bí ẹni pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni imú rọra tẹ̀, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń tòògbé. Ẹ̀yìn kúrò. Odindi ọkọ̀ wà lófìfo, ó dákẹ́ jẹ́ẹ́, ó dorí kọ ìsàlẹ̀. Ní nǹkan bí àwòrán kẹrìndínlógún, etí tábìlì kejì wọ iwájú rẹ̀, lókè táyà, lábẹ́ gíláàsì. A fi rúlà wọn ojú ibi tó kàn: sẹ̀ǹtímítà méjì àti díẹ̀ sókè láti ìdí táyà. Ìṣirò ti sọ bẹ́ẹ̀. Àbúrò mi dá fídíò náà dúró níbẹ̀, ó wo gíláàsì iwájú kékeré yẹn títí, ó ní, “Ibi tí Annie jókòó sí nìyí.” Èmi kò lè fèsì.

Lẹ́yìn náà ni a gbé e gòkè. Mo kó ìwé sábẹ́ pákó méjèèjì, mo na okùn láti ibẹ̀rẹ̀ èkíní dé òpin èkejì kí n lè rí i dájú pé ìlà kan ni wọ́n wà. Mo tún gbé ibi tí mo ti ń tú ọkọ̀ sílẹ̀ ga sí i, kí eré rẹ̀ létí má bàa dín. Ibi tó ti kàn tẹ́lẹ̀ náà ló tún kàn, kò yàtọ̀. Àbúrò mi fúnra rẹ̀ ló tọ́ka sí okùn náà kí n tó sọ̀rọ̀.

Ìgbẹ̀yìn rẹ̀ ni etí tó gbé sókè. Mo fi ìwé tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 2.3 sábẹ́ òpin pákó tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 30, mo gbé tábìlì kejì sókè ní ìwọ̀n kan náà. Ọkọ̀ náà kọjá. Ó kọjá bí ẹni pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fẹ́rẹ̀ẹ́ balẹ̀ pọ̀. Nínú ẹ̀ẹ̀mẹwàá, ó kọjá lẹ́ẹ̀mẹjọ. Lẹ́ẹ̀mejì tó kù, ó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó tó balẹ̀, ó sì dojú dé. Àbúrò mi pariwo ayọ̀. Èmi náà pariwo.

Tí a bá wá ní ká gbé ti tábìlì yìí padà sórí bọ́ọ̀sì gidi, ìbalẹ̀ ló kù. Bọ́ọ̀sì tó bá fi díígíìrì 4.4 fò yóò kanlẹ̀ bí ohun tó já láti gíga sẹ̀ǹtímítà 30. Èrò tí kò di ara rẹ̀ mú lè fò kúrò lórí ìjókòó, ṣùgbọ́n ọkọ̀ lè yè é. Bọ́ọ̀sì tó bá lọ sókè mítà 3 ńkọ́? Agbára tó fi kanlẹ̀ jẹ́ ìlọ́po mẹ́wàá ti àkọ́kọ́. Ibẹ̀ ni ìwọ̀n tí mo ní kò kan ìjájá ti wá gba owó rẹ̀ padà: ọ̀pọ̀ tọ́ọ̀nù irin ni ẹsẹ̀ ọkọ̀ ní láti gbà mọ́ra lẹ́ẹ̀kan náà. Kí ó tún máa sáré lọ ju 50 lẹ́yìn ìyẹn, kí bọ́ǹbù abẹ́ rẹ̀ má gbọn, èyí ni n kò lè gbà rárá. Fíìmù náà lo ju bọ́ọ̀sì kan lọ, a kò sì gbọ́dọ̀ gbàgbé ìyẹn nígbà tí a bá ń wo bí ọkọ̀ ṣe ń yọ láìlámì lẹ́yìn gbogbo ìjàǹbá. Ariwo náà ń ràn wọ́n lọ́wọ́. Àmì ẹ̀yẹ Oscar méjì tó gbà, ti ohùn ni méjèèjì.

Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé mò ń sọ pé kò sí àrà inú fíìmù tó ṣeé ṣe. Ní ọdún 1974, nínú The Man with the Golden Gun, ọkọ̀ AMC Hornet kan fo odò ní Thailand, ó yí po lójú òfuurufú lẹ́ẹ̀kan bí ìgbà tí a ń lọ́ ìdérí ìgò, ó sì fi táyà balẹ̀ ní òdìkejì. Wọ́n ṣe é lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì bọ́ sí i. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti fi ṣe ìṣirò irú ìfò yẹn tẹ́lẹ̀ ní Cornell Aeronautical Laboratory ní Amẹ́ríkà. Wọ́n gbé sítíárì sí àárín ọkọ̀ kí ẹni tó ń wà á lè jókòó sí àárín gan-an, kí ẹ̀gbẹ́ kan má bàa wúwo ju ìkejì lọ. Afárá wíwó tí a rí nínú fíìmù, gẹ̀rẹ́ ni, wọ́n wọ̀n ọ́n, wọ́n lọ́ ọ, wọ́n wá ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́ kó lè jọ pákó tó ti jẹrà. Jack àti Annie kò ní ìkankan nínú wọn. Ọ̀nà títẹ́jú, èrò nínú ọkọ̀, àti ìdajì ìṣẹ́jú àáyá ni wọ́n ní.

Bọ́ọ̀sì ìṣeré náà ṣì wà lórí tábìlì mi. Iwájú rẹ̀ ti tẹ̀ wọlé, lókè táyà, lábẹ́ gíláàsì. Àbúrò mi ti ń béèrè báyìí pé bí àlàfo náà bá jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 20 ńkọ́. Mo ti ṣe ìṣirò rẹ̀: ìjájá kò tó sẹ̀ǹtímítà 20. Ọjọ́ Sátidé ni a ó dán an wò.